Ẹrù ẹlẹ́rù lo gbé sórí yẹn

Àbúrò mi,

Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní o ti lé ní ogójì ọdún, o kì í bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀ lórí Facebook, o kì í sì í jowú àwọn tó ń gbé fọ́tò ilé tuntun síbẹ̀. Síbẹ̀, bí fóònù bá ti dún báyìí, àyà rẹ á já, oorun ò sì kun ojú rẹ mọ́. Ọkọ rẹ ní àfi kó o pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. O wá ní kí n dá sí i.

Ọkọ rẹ gbìyànjú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tó ń dùn ọ́ ló fọwọ́ bà.

Ìsàlẹ̀ lẹ́tà rẹ ni mo ti rí i, níbi tó o ti sọ ọ́ bí ẹni tó kàn ń ròyìn: lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo, o ka ti ọ̀rẹ́ rẹ ayé iléèwé tí ọkọ rẹ̀ kú, ti ojúlùmọ̀ tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún, àti ti ọmọ kan tó sọnù, tí o ò mọ̀ rí, tó o wá ń jí lóru láti wò ó bóyá wọ́n ti rí i. Òun gan-an nìyẹn.

Lọ́dún 2015, Pew Research Center ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìwádìí kan jáde, èyí tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá 1,801 àgbàlagbà lẹ́nu wò. Wọn ò rí i pé másùnmáwo àwọn tó ń lo ìkànnì ayélujára gan-an pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Kódà, àwọn obìnrin tó ń lo Twitter, tó ń fi ímeèlì àti fọ́tò ránṣẹ́, másùnmáwo tiwọn kéré ju ti àwọn obìnrin tí kì í lò wọ́n lọ. Ibi tí wàhálà ti ń wọlé ni gbígbọ́ nípa ìṣòro ẹlòmíì, ó sì ń mú àwa obìnrin ju àwọn ọkùnrin lọ.

Kò yà mí lẹ́nu. Bí a bá gbọ́ ìròyìn búburú tí a sì rí nǹkan ṣe sí i, ara á fúyẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ pé "pẹ̀lẹ́ o" nìkan lo lè tẹ̀ sábẹ́ ẹ̀, kó o tó tẹ̀ ẹ́ tán, òmíì ti yọ.

Nítorí náà, má pa á rẹ́. Àwọn ojú ewé tó ń gbé jàǹbá àti òkú káàkiri ni kó o jáwọ́ lára wọn lónìí. (Wọ́n lè pè é ní àánú, lójú tèmi, ọjà ni wọ́n ń tà.) Pa ìró gbogbo gúrúùpù, kó o ṣẹ́ ìpè nìkan kù. Kí fóònù má sì wọ yàrá tó o ń sùn mọ́.

Ti ọ̀rẹ́ rẹ tó ń ṣọ̀fọ̀ ńkọ́? Pè é. Má kọ nǹkan ránṣẹ́, pè é, kó sunkún sí ọ létí bó bá fẹ́. Ìyẹn wà lágbára rẹ. Ní ti ọmọ tó sọnù, àìsùn rẹ ò lè bá wọn wá a.

Bí àyà yẹn bá ṣì ń já lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta, lọ rí dókítà, torí fóònù nìkan kọ́ ló ń já àyà èèyàn.