Àgọ́ wo ni ọdẹ tó ń dá lọ sórí òkè Colorado yóò gbé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Denver ni mò ń gbé. Mo ti gba ìwé àṣẹ láti fi ọrun àti ọfà dọdẹ elk, àgbọ̀nrín ńlá ti ìhín yìí, nínú oṣù Kẹsàn-án. Èmi nìkan ni mò ń lọ, fún òru márùn-ún, níbi tó ga tó 3,200 mítà. Àgọ́ tó wà nílé wúwo tó kílò mẹ́rin, gbogbo ìdílé ló ń sùn sínú rẹ̀. Mo ti rí ọ̀kan tí kò tó kílò kan, àmọ́ ọ̀pá ìtilẹ̀ méjì ni wọ́n fi ń gbé e dúró. Òmíràn ní òpó tirẹ̀, ó lé díẹ̀ ní kílò kan. Mo ga tó 185 sẹ̀ǹtímítà. Èwo ni kí n rà?

Ìdáhùn: Kí ẹ tó wo bó ṣe fúyẹ́ tó, ẹ kọ́kọ́ ro èyí: lójú ọ̀sán, nígbà tí ẹ bá fi àgọ́ sílẹ̀ tí ẹ ń tọ ipasẹ̀ ẹran, níbo ni ọ̀pá ìtilẹ̀ yín yóò wà? Ọ̀rọ̀ yìí kò kan ẹni tó kàn ń rìn kiri orí òkè. Òun ń tú àgọ́ rẹ̀ láràárọ̀, ó sì ń mú ọ̀pá rẹ̀ lọ. Àgọ́ ọdẹ lè wà lójú kan fún ọjọ́ mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ sì ni ọdẹ nílò ọ̀pá lọ́wọ́, pàápàá bí ẹran bá ti balẹ̀. Akọ elk tó ti dàgbà lè tó 300 kílò láàyè. Bí ẹ bá yọ eegun rẹ̀ tán, ẹran tó kù lè tó 80 sí 100 kílò. Ẹni tó dá wà yóò rù ú ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin, 25 sí 30 kílò lẹ́ẹ̀kan, láàárín àpáta àti igi tó wó dí ọ̀nà. Láìsí ọ̀pá, orúnkún ló máa san gbèsè ìrìn yẹn. Bí ẹ bá sì fa ọ̀pá yọ lábẹ́ àgọ́, àgọ́ ti wó nìyẹn, ó di orí àpò ìsùn yín, òjò ọ̀sán sì wọ́pọ̀ lórí òkè wọ̀nyẹn.

Nítorí náà, èyí tó ní òpó tirẹ̀ ni kí ẹ rà, bí ẹ bá fẹ́ fi ibì kan ṣe ibùdó. Irú Copper Spur UL1 ti Big Agnes wà ní ìpele yẹn. Bí ọkàn yín bá ṣì wà lọ́dọ̀ èyí tó fúyẹ́ jù, bíi X-Mid 1 ti Durston tó wúwo tó nǹkan bí 800 gíráàmù, ẹ ra òpó méjì mìíràn tó bá gíga rẹ̀ mu, kí ọ̀pá yín lè máa bá yín lọ. Òpó aluminíọ́ọ̀mù tàbí kábọ́ọ̀nù fún irú iṣẹ́ yẹn yóò fi 100 sí 200 gíráàmù kún un. Ẹ rí i pé ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì ti dínkù gan-an nígbà náà. Ẹni tó bá ń ṣí kúrò lójoojúmọ́ nìkan ló jèrè fífúyẹ́ yẹn ní tòótọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún iye tí wọ́n kọ sára páálí. Méjì ni wọ́n sábà máa ń kọ: ọ̀kan jẹ́ ti aṣọ àti òpó nìkan, èkejì ka èèkàn, okùn àti àpò rẹ̀ mọ́ ọn. Èkejì ni ẹrù tí ẹ máa rù. Ẹ gbé gbogbo rẹ̀ sórí ìwọ̀n ilé ìdáná, kí ó dá yín lójú.

Ní ti ìbú àti gígùn, ẹni tó ga tó yín nílò ilẹ̀ àgọ́ tó gùn tó 220 sẹ̀ǹtímítà. 210 lè dà bíi pé ó tó nígbà tí ẹ bá nà sórí kápẹ́ẹ̀tì ilé ìtajà, àmọ́ ìtẹ́lẹ̀ tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí máa ń gbé ara sókè, ògiri àgọ́ sì máa ń dagun. Ẹsẹ̀ àpò ìsùn á kan aṣọ tó tutù, á sì tutù kó tó di òwúrọ̀. Fún ìbú, 70 sẹ̀ǹtímítà ní ibi èjìká ni kí ẹ má lọ sílẹ̀ jù. Ìloro ẹnu ọ̀nà ṣe pàtàkì fún ọdẹ ju bí àwọn òǹtajà ṣe ń sọ lọ, nítorí ibẹ̀ ni bàtà tó tutù, àpò ẹrù àti ọrun yóò sùn. Ọfà ńkọ́? Kó wà nínú apó, kí ẹnu rẹ̀ wà ní bíbò, níta. Irin ẹnu ọfà tó mú tó láti gé iṣan elk kò ní bi ilẹ̀ àgọ́ léèrè kó tó gé e.

Òtútù wá ńkọ́? Bí a bá gòkè 1,000 mítà, ìwọ̀n ooru máa ń fi nǹkan bí 6.5 °C lọ sílẹ̀. Denver wà ní 1,600 mítà, nítorí náà ibùdó yín yóò fi bíi 10 °C tutù ju ilé lọ, omi sì lè dì lóru. Lójú irú òtútù bẹ́ẹ̀ ni èémí yín máa ń di omi lára ògiri. Àgọ́ aláṣọ kan ṣoṣo fúyẹ́, àmọ́ omi yẹn á máa kán sórí yín. Ẹ mú aláṣọ méjì, tó ní àwọ̀n nínú àti ìbòrí níta, pàápàá bó bá jẹ́ ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ ló wà nínú àpò ìsùn yín, torí ìyẹ́ tó tutù kì í mú ara móoru mọ́. Bí òtútù ti wù kó mú tó, ẹ má ti gbogbo fèrèsé òkè pa. Ẹ má sì dáná nínú rẹ̀ nígbà tí síìpù wà ní títì: èéfín tí ojú kò rí, tí imú kò gbọ́, máa ń pani.

Aṣọ mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi silikóònù pa kì í tètè ya, ṣùgbọ́n ó ń mu omi, ó sì ń nà. Àgọ́ tí ẹ fà le ní ìrọ̀lẹ́ lè ti rọ̀ jọwọlọ ní òru, kí ẹ sì dìde lọ tún okùn fà nínú òjò. Pọliẹ́sítà kì í ṣe bẹ́ẹ̀, òun ni mo fẹ́ràn jù fún àgọ́ tí ẹnì kankan kò dúró tì lọ́sàn-án. Dyneema kì í mu omi rárá, ó sì fúyẹ́ jù, ṣùgbọ́n iye owó rẹ̀ lè tó ìlọ́po méjì, kò sì ṣeé ká kéré. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà níwájú lẹ́tà D, òun ló ń sọ bí òwú ṣe nípọn tó. 15D tàbí 20D dára fún ìlò yín. Bí ilẹ̀ àgọ́ bá tín-ínrín ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ tẹ́ ọ̀rá tín-ínrín tí wọ́n fi ń bo fèrèsé nígbà òtútù sábẹ́ rẹ̀. Kò wúwo tó 60 gíráàmù. Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n ti dí ojú rírán. Aṣọ tó ní silikóònù lójú méjèèjì kì í gba téèpù, ẹ̀yin lẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì kun ún, kó sì gbẹ fún ọjọ́ kan gbáko.

Èèkàn tó ń bá àgọ́ wá sábà máa ń jẹ́ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó tẹ̀ lórí. Kì í ṣe ohun tí ìjì ń bẹ̀rù. Ẹ ra mẹ́fà tó rí bíi lẹ́tà Y, tó gùn tó 19 sẹ̀ǹtímítà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju 13 gíráàmù lọ. Níbi tí àpáta kò bá gba èèkàn, ẹ so okùn mọ́ òkúta ńlá. Ẹ fi páìpù aluminíọ́ọ̀mù kékeré kan, tó gùn tó 8 sẹ̀ǹtímítà, sínú àpò: bí òpó bá ṣẹ́, ẹ ti páìpù náà bọ ojú ibi tó ṣẹ́, kí ẹ dì í ní téèpù. Yìnyín lè rọ̀ ní oṣù Kẹsàn-án. Àgọ́ ìgbà mẹ́ta, ìyẹn èyí tí wọn kò ṣe fún ìgbà òtútù líle, lè gba díẹ̀ nínú rẹ̀, bí ẹ bá ń jí gbọn ọ́n dànù.

Ibi tí ẹ pàgọ́ sí lè ba ọdẹ jẹ́. Afẹ́fẹ́ orí òkè máa ń ṣàn wálẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ àti lóru, ó sì máa ń gòkè nígbà tí oòrùn bá ti mú. Bí ẹ bá pàgọ́ sókè ibi tí elk ń jẹ̀, òórùn yín á dé ọ̀dọ̀ wọn kí ẹ tó jí. Ẹ wà ní ẹ̀gbẹ́, kìlómítà kan sí wọn. Ẹ yẹra fún ìsàlẹ̀ àfonífojì níbi tí òtútù ń kó jọ sí, kí ẹ sì gbójú sókè wo igi: kòkòrò ti pa ọ̀pọ̀ igi páìnì ní Colorado, wọ́n sì máa ń wó láìjẹ́ pé atẹ́gùn pọ̀. Ẹran pípa kò gbọ́dọ̀ sùn nítòsí yín. Béárì dúdú wà níbẹ̀. Ẹ gbé e kọ́ sórí igi tó jìnnà tó 90 mítà, kó ga tó mítà mẹ́ta, lábẹ́ òjìji.

Ní ti àwọ̀, ewé tàbí eérú dára. Láàárín oṣù yẹn kan náà, àwọn tó ń lo ìbọn tí wọ́n ń ki ẹtù sí lẹ́nu, ìbátan ṣakabùlà ilé wa, máa ń wà nínú igbó. Òfin fi ọ̀ranyàn mú àwọn yẹn láti wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn títàn tàbí pínńkì títàn tó tó 500 íńṣì onígun mẹ́rin. Olọ́fà kò sí lábẹ́ rẹ̀, àmọ́ ẹ so ẹ̀já aṣọ aláwọ̀ ọsàn mọ́ ẹran tí ẹ bá rù, kí ẹnikẹ́ni má fi yín pe elk.

Kí ẹ tó lọ, ẹ pa àgọ́ náà lẹ́yìn ilé yín lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan nínú òkùnkùn pẹ̀lú ìbọ̀wọ́. Ẹ fi ọ́ọ̀sì rọ omi lé e fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ sì wọlé lọ fọwọ́ kan gbogbo ojú rírán. Ibi tó bá ń jò, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, kí ẹ kun ún lọ́jọ́ kejì tí aṣọ bá ti gbẹ.