Ẹ já mọ́tò kúrò lára irin ná: bí a ṣe ń fi bátìrì àti rìmóòtù wa ọkọ̀ ojú irin inú ọgbà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Leeds ni mo ń gbé, mo sì ní ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń yípo ọgbà ẹ̀yìnkùlé mi. Stainz, tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń jẹ́ LGB ṣe, ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Òjò, ewé àti ìgbín kì í jẹ́ kí iná dé ara mọ́tò dáadáa. Àkókò tí mo fi ń nu irin ju èyí tí mo fi ń wa ọkọ̀ lọ. Mo ra bátìrì fóòtì 12 àti rìmóòtù, mo so wọ́n mọ́ mọ́tò, ó sì rìn. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kejì tí mo gbé sórí irin kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn fúnra rẹ̀. Nígbà tí ọmọ mi wá tan tiransifọ́mà tó ń fi iná sí irin, èéfín yọ, kọ̀ntírólà tó ń gba àṣẹ rìmóòtù fún mọ́tò sì kú. Kí ni mo ṣì ṣe? Kí ni kí n rà báyìí?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú àdánù kọ̀ntírólà. Ẹ́ńjìnnì kejì tó dìde rìn yẹn ló jẹ́wọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Iná bátìrì yín gba inú ẹsẹ̀ ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sínú irin, irin sì gbé e fún ẹ́ńjìnnì kejì. Ọ̀nà tí iná ń gbà gòkè láti irin lọ sí mọ́tò ṣì ṣí sílẹ̀, ọ̀nà kan náà ló sì gbà jáde. Nígbà tí iná tiransifọ́mà wá pàdé ti bátìrì, kọ̀ntírólà tó wà láàárín wọn ló jìyà ẹ̀. Nítorí náà, ẹ má tíì ná kọ́bọ̀. Ẹ kọ́kọ́ já mọ́tò kúrò lára irin pátápátá.

Ẹ dojú ẹ́ńjìnnì dé lórí aṣọ rírọ̀, kí ẹ tú síkúrù abẹ́ rẹ̀. Nínú àwọn Stainz tí kò pẹ́ púpọ̀, wáyà mẹ́rin lẹ máa rí tó jáde láti inú àpótí mọ́tò: búráùn àti funfun ń gbé iná wá láti irin, aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò ń gbé e lọ sí mọ́tò. Ẹ gé búráùn àti funfun, kí ẹ fi rọ́bà tí ooru ń mú súnkì bo orí wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ti àtijọ́ le díẹ̀, nítorí inú àpótí mọ́tò fúnra rẹ̀ ni iná irin ti ń pàdé mọ́tò, kò sí wáyà tí ẹ máa gé. Níbẹ̀, ẹ ṣí ìdérí ìsàlẹ̀, kí ẹ yọ káábọ̀n kéékèèké tó ń ti ẹ̀yìn ẹsẹ̀, àti bàtà irin méjì tó ń wọ́ lórí irin láàárín ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn. Ẹ fi ìka di káábọ̀n mú bí ẹ bá ń fà á jáde, nítorí sípíríǹgì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ máa ń fò, ó sì kéré débi pé koríko á gbé e mì.

Ẹ má gba ojú yín gbọ́ lórí èyí o. Ẹ yí mítà tí a fi ń wọn iná sí ibi tó ti ń dún bí iná bá rí ọ̀nà gbà, ẹ fi ẹnu rẹ̀ kan kan ẹsẹ̀ ọ̀tún, kí ẹ fi èkejì kan wáyà mọ́tò méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹsẹ̀ òsì. Kò gbọdọ̀ dún níbì kankan. Bó bá dún, iná ṣì ń rí ibì kan gbà, ẹ wá a rí.

Lẹ́yìn èyí ni ká tó mọ ohun tí ẹ máa rà. Ẹ fi fóòtì 12 sí mọ́tò, kí mítà wà lójú ọ̀nà iná náà níbi tí a ti ń wọn áńpìà. Bí ó ti ń sáré lásán, ẹ ka nọ́ńbà rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ di ẹsẹ̀ mú ṣinṣin fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré, kí ẹ tún kà á. Kọ̀ntírólà gbọ́dọ̀ lè gbé ju nọ́ńbà kejì yìí lọ láìjó, nítorí irú ohun tó máa bá a nìyẹn lọ́jọ́ tí òkúta bá há sí abẹ́ ẹsẹ̀, fóòtì bátìrì tí ẹ máa rà sì ju 12 lọ. Lórí irin tó tẹ́jú, Stainz tó ń fa ọkọ̀ méjì mẹ́ta kì í sábà ju ìdajì áńpìà lọ. Kọ̀ntírólà áńpìà 3 tó fún un.

Bátìrì lithium oníwóró mẹ́rin ni mo fẹ́ kí ẹ rà, irú 18650, tí a so tẹ̀lé ara wọn: fóòtì 14.8, tó máa ń di 16.8 bó bá kún. Èyí tí wọ́n ti dì pọ̀, tí pátákó ìdáàbòbò wà nínú rẹ̀, ni kí ẹ rà. Ẹ má fi léèdì jó wáyà mọ́ orí wóró fúnra yín, ooru yẹn ń bà á jẹ́ láti inú. Tí ẹ bá ra 2600 mAh (ìyẹn ni pé ó lè fún wa ní áńpìà 2.6 fún wákàtí kan), tí ọkọ̀ sì ń jẹ ìdajì áńpìà, ìṣirò sọ pé wákàtí márùn-ún ni. Ẹ ka mẹ́rin. Tiransifọ́mà lè gbé irin dé nǹkan bíi fóòtì 24, torí náà ọkọ̀ kò ní sáré bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ẹ pàdánù. Stainz gidi, tí Krauss ṣe ní Linz ní 1892 fún ojú irin tóóró 760 mìlímítà ní Austria, kì í ṣe ọkọ̀ eré. Bó ṣe ń rọra lọ yìí gan-an ni ẹwà rẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó kọ̀ntírólà, ẹ ka iye fóòtì tí wọ́n kọ sí i lára. Àwọn kan wà tí fóòtì 6 tàbí 12 ni òpin agbára wọn, 16.8 á jó wọn kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan. Bí rìsífà, ìyẹn ohun tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rìmóòtù, bá dá wà lọ́tọ̀, fóòtì 5 ni ọ̀pọ̀ wọn ń fẹ́, kọ̀ntírólà ló sì yẹ kó bù ú fún un. Ẹ sá fún kọ̀ntírólà ọkọ̀ eré ìje: tí ẹ bá ní kó padà sẹ́yìn, bíréèkì ló máa kọ́kọ́ gbá.

Inú Stainz kò gba bátìrì yìí. Ẹ má tìtorí àyè yọ irin wíwúwo tó wà nínú rẹ̀, nítorí ìwúwo yẹn ló ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ di irin mú. Láìsí i, ẹsẹ̀ á máa yí lójú kan. Ẹ gbé bátìrì sínú ọkọ̀ ẹrù tó tẹ̀ lé e, kí kọ̀ntírólà àti rìsífà wà lábẹ́ òrùlé ibi tí awakọ̀ ń dúró sí. Wáyà méjì pẹ̀lú sọ́kẹ́ẹ̀tì tí kò ṣeé kì bọ̀ lódì ni yóò so wọ́n pọ̀.

Síso rẹ̀ rèé. Láti ẹnu pọ́sítíìfù bátìrì, fíúsì áńpìà 3 ló kọ́kọ́ wà, kó má jìnnà ju sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lọ, nítorí wáyà tó wà ṣáájú fíúsì kò ní olùdáàbòbò. Fíúsì bọ́ sí ẹsẹ̀ àárín súìṣì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ẹsẹ̀ kan lọ sí kọ̀ntírólà, èkejì lọ sí ihò ṣájà. Báyìí, kò sí bí ọkọ̀ ṣe máa tàn nígbà tí ẹ bá ń ṣáájì rẹ̀. Nẹ́gétíìfù gbogbo wọn pàdé lójú kan. Kọ̀ntírólà wá lọ sí wáyà aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò, tàbí sí ẹnu mọ́tò méjèèjì bó bá jẹ́ ti àtijọ́. Bí ọkọ̀ bá ń lọ sẹ́yìn nígbà tí ẹ ní kó lọ síwájú, ẹ pààrọ̀ méjèèjì fún ara wọn.

Orí wáyà áńtẹ́nà rìsífà ṣe pàtàkì ju bí ó ti rí lọ. Bí rìmóòtù bá ń lo ìgbì rédíò 2.4 GHz, mìlímítà 31 tó gbẹ̀yìn níbẹ̀ ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rìmóòtù. Ẹ má gé e, ẹ má ká a, ẹ má sì jẹ́ kó fara ti irin tàbí bátìrì. Ẹ fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ òrùlé onípílásíìkì. Bí ọkọ̀ bá ń ta gìrì, tí áńtẹ́nà sì dára, ariwo iná mọ́tò ni: ẹ fi kapásítọ̀ 100 nF kan sí àárín ẹnu mọ́tò méjèèjì. Ẹ yọ wáyà ẹ̀rọ èéfín, ó ń jẹ bátìrì lásán. Fún iná iwájú, LED funfun kan pẹ̀lú rẹsísítọ̀ 1 kΩ tó.

Ṣájà lithium fóòtì 16.8 nìkan ni kí ẹ lò, lórí táìlì tàbí símẹ́ńtì, níbi tí ojú yín ti lè tó o. Nígbà òtútù, bí bátìrì bá ti wà níta nínú yìnyín, ẹ jẹ́ kó móoru nínú ilé kí ẹ tó ṣáájì rẹ̀. Ṣíṣáájì rẹ̀ nígbà tó bá tutù kọjá òdo ń pa á.

Kí ẹ tó gbé e sórí irin, ẹ dojú rẹ̀ dé, ẹ mú ẹsẹ̀ yí, kí ẹ wá pa rìmóòtù lọ́wọ́ yín. Ó yẹ kí ẹsẹ̀ dúró. Rìsífà kan wà tí wọ́n ṣe kó máa bá ìrìn lọ bí kò bá gbọ́ nǹkan mọ́. Tí tiyín bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń yí i padà nínú ìwé rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wà á fún ìṣẹ́jú 15 kí ẹ fọwọ́ kan kọ̀ntírólà. Bó bá gbóná débi pé ọwọ́ kò gbà á, ó kéré fún iṣẹ́ náà.

Bí gbogbo èyí bá ti tọ́, ẹ lè gbé ẹ́ńjìnnì kejì padà sórí irin kí ọmọ yín tan tiransifọ́mà. Ọ̀kan á máa jẹ iná irin, èkejì á máa jẹ ti bátìrì, wọn ò sì ní mọ̀ pé àwọn jọ wà níbẹ̀.