Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ṣé kí n pààrọ̀ gbogbo control arm ẹ̀yìn Mustang mi sí èyí tó le?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mustang GT 2003 ni mò ń wà níbí ní Dallas. Tí mo bá tẹ iná tagbáratagbára láti ojú kan, ẹ̀yìn rẹ̀ á máa fò, á máa ró gbì gbì gbì bíi pé ó fẹ́ já. Wọ́n ní kí n ra control arm mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwọn apá irin tó so irin taya ẹ̀yìn mọ́ ara ọkọ̀, tí bọ́ọ̀ṣì ẹnu wọn jẹ́ polyurethane, ìyẹn ike tó le ju rọ́bà lọ, pé bó bá ṣe le tó ló ṣe dára tó. Ti ilé-iṣẹ́ wo ni kí n rà?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí ní orúkọ ilé-iṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń bi mí ní bọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́nu control arm, níbi tí bóòtù ń gbà kọjá. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ sọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di líle ń fi ẹ̀mí yín wewu, ó sì ń dùn mí pé wọn ò yéé sọ ọ́.

Yàtọ̀ sí àwọn Mustang Cobra kan láti 1999, axle gbọọrọ kan ṣoṣo, irin tó so taya ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, ló wà lẹ́yìn Mustang irú tiyín. Control arm méjì nísàlẹ̀ àti méjì lókè ló so ó mọ́ ara ọkọ̀. Ti ìsàlẹ̀ ló ń ti ọkọ̀ síwájú. Ti òkè súnmọ́ra níbi axle, wọ́n sì yà síra níwájú bí ẹsẹ̀ ẹni tó yagẹ̀rẹ̀ dúró, torí àwọn ni ò jẹ́ kí axle sún sọ́tùn-ún sósì. Tí taya òsì bá gun òkè, tí tọ̀tún ò gùn ún, axle á dagun, ẹnu àwọn control arm òkè sì gbọ́dọ̀ lọ́, kó tẹ̀, kó tún yí. Rọ́bà tí wọ́n fi síbẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ lè ṣe gbogbo ìyẹn. Polyurethane lè yí, àmọ́ kì í fẹ́ lọ́. Ẹ so páákó mọ́ apá yín láti èjìká dé ọrùn ọwọ́, kẹ́ ẹ wá fi ọwọ́ yẹn gún iyán. Bẹ́ẹ̀ ni axle ṣe máa ń há. Tẹ́ ẹ bá ń yà ní kọ́nà, ọkọ̀ fẹ́ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, axle ò gbà fún un, taya kan á já ilẹ̀ sílẹ̀ lójijì, ìdí ọkọ̀ á sì fọ́n síta láìkìlọ̀. Nínú òjò, ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ti tú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Polyurethane òkè ṣì ń dán bíi tuntun. Àmọ́ nígbà tí mo fi ṣukudiráfà ha ọ̀dà dúdú tó wà lábẹ́ ọkọ̀, níbi torque box, ìyẹn irin ara ọkọ̀ tí control arm wọ̀ sí, mo rí i pé ó ti ya tó àtàǹpàkò mi, ojú wẹ́dà sì ti là. Nígbà tí bọ́ọ̀ṣì ò lọ́, irin ló lọ́.

Ohun tó ń mú tiyín fò lè jẹ́ rọ́bà control arm ìsàlẹ̀ tó ti lo ohun tó lé ní 20 ọdún. Ẹ wo quad shock náà, àwọn ṣọ́ọ̀kì kéékèèké méjì tó sùn gbalaja lẹ́yìn, bóyá òróró ń jò lára wọn. Ẹ wo taya pẹ̀lú. Tó bá wá di ríra, ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti náwó: èyí tó ní polyurethane níbi ara ọkọ̀, tó sì ní spherical joint, oríkèé irin tó ń yí síbi gbogbo, níbi axle. Lókè, ẹ jẹ́ kí rọ́bà wà níbẹ̀. Tó bá ti gbó, rọ́bà tuntun ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò rẹ̀, kẹ́ ẹ má sì gbàgbé àwọn méjì tí wọ́n tẹ̀ sínú etí axle fúnra rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń sá eré títọ́ nìkan ní pápá, tí kì í dé títì, ọ̀tọ̀ ni tiẹ̀.

Ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá ó ní ibi tí sípíríǹgì máa jókòó sí àti ihò tí wọ́n máa de sway bar mọ́, irin tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ tẹ̀ jù ní kọ́nà, torí control arm ìsàlẹ̀ ló ń gbé méjèèjì nínú ọkọ̀ yín. Èyí tí ò ní ibi ìjókòó yẹn, coilover, ìyẹn ṣọ́ọ̀kì tó gbé sípíríǹgì sára, ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ má sì gba ìmọ̀ràn ẹni tó ń wa Mustang 2005 sí 2014: control arm òkè kan ṣoṣo àti ọ̀pá Panhard, tí kì í jẹ́ kí axle sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, ló wà lẹ́yìn tiwọn.

Mi ò tíì rí ọkọ̀ yín, nítorí náà ẹ jẹ́ kí mekáníìkì tó mọ̀ ọ́n fi tọ́ọ̀ṣì wo torque box kẹ́ ẹ tó sanwó ohunkóhun. Tó bá ti ya, ẹ má wà á mọ́ títí wọ́n fi máa tún un jó. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá sì de bóòtù ibi tí rọ́bà wà, ẹ má dè é pa nígbà tí axle ṣì rọ̀ dirodiro lórí jáàkì. Rọ́bà yẹn lẹ̀ mọ́ irin. Tẹ́ ẹ bá dè é bẹ́ẹ̀, á wà ní lílọ́ ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá wà nílẹ̀, á sì tètè ya. Ẹ jẹ́ kí taya gbé ìwúwo ọkọ̀ ná, kẹ́ ẹ tó fún un dé iye tó wà nínú ìwé ọkọ̀.