Lẹ́ǹsì ẹ ò ṣẹ̀, ibi tó o gbé e lé ni kó o wò

Àbúrò, mo ti rí ohun tó o bèèrè. O ní o fi résìn, oje tí ìmọ́lẹ̀ ń mú le, tẹ lẹ́ǹsì kékeré kan sójú LED fún pírójẹ́ẹ̀tì ẹ níbí n'Ífẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ lè wọ fáíbà, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé ìmọ́lẹ̀, o ti tún lẹ́ǹsì yẹn yà lẹ́ẹ̀mẹ́fà lórí kọ̀ǹpútà, ìmọ́lẹ̀ ò sì lé kankan. Jọ̀ọ́, má yà á lẹ́ẹ̀keje. Oṣù mẹ́rin gbáko lèmi fi ń ya tèmi kí n tó mọ̀ pé ibòmíì lọ̀rọ̀ wà.

Jámánì ni mo wà nígbà yẹn, mò ń ṣe másítà. Quantum dot là ń bá ṣeré, èérún InAs tó ń tànmọ́lẹ̀, tó há sínú GaAs (irú ohun tí wọ́n fi ń ṣe chip làwọn méjèèjì), ojú lásán ò lè rí i. Ìṣòro ẹ̀ ni pé GaAs ahun ni, index ẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀ tó, tó 3.5, ìmọ́lẹ̀ tó bá fi ju degree 17 lọ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó bá dé ojú ẹ̀, inú lọ́hùn-ún ló ń padà sí, bí ẹni tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́. Tó o bá ṣírò ẹ̀, bíi 2 nínú 100 ló ń ráyè gba òkè jáde. Tó o bá wá fi résìn tí index ẹ̀ jẹ́ 1.5 lé e, ilẹ̀kùn yẹn á ṣí dé bíi degree 25, 2 yẹn á di bíi 5, lẹ́ǹsì á sì kó èyí tó jáde jọ kó má fọ́n káàkiri. Lójú ẹni tó ń ka ìmọ́lẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ, owó ńlá nìyẹn o.

Mo tẹ lẹ́ǹsì 16, kò séyìí tó fẹ̀ tó fọ́nrán irun. Àmọ́ dot wa kì í tàn àfi tá a bá fi helium mú un tutù dé 4 kelvin, òtútù tó ju ti yìnyín lọ fíìfíì, torí náà mi ò rí i nígbà tí mò ń tẹ̀, mo kàn ń wọ̀n ọ́n láti etí chip ni. Nígbà tá a mú un tutù, mẹ́ta péré ló mú nǹkan wá. Àwọn yòókù, dot wà, lẹ́ǹsì wà, 2 micron tàbí 3 ló wà láàárín wọn (ẹgbẹ̀rún micron ló wà nínú milimítà kan), ìmọ́lẹ̀ wá ń dà gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Ṣé o mọ àrọ tí wọ́n fi ń da kẹrosíìnì sígò? Tí ò bá ti bọ́ sẹ́nu ìgò, ilẹ̀ ló máa mu ún, èmi wá jókòó mò ń tún àrọ ṣe! Ọjọ́ tí ẹnì kan bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ ibi tí dot wà, ẹnu mi wọhò. Lẹ́yìn ìyẹn la wá ń fi góòlù ya àmì sórí chip, a máa kọ́kọ́ mú un tutù, ká kọ ibi tí dot kọ̀ọ̀kan wà sílẹ̀, ká tó tẹ ohunkóhun.

Ìwọ tìẹ dáa jù tèmi lọ, LED ń tàn níṣojú ẹ. Tàn án kó o tó lẹ lẹ́ǹsì. Kán résìn bíńtín sí i pẹ̀lú ẹnu abẹ́rẹ́, gbé lẹ́ǹsì lé e, máa sún un díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ microscope títí fáíbà á fi gba ìmọ́lẹ̀ jù. Wo abẹ́ ẹ̀ dáadáa, tí afẹ́fẹ́ bá há síbẹ̀, o ò ṣe nǹkan kan, ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì. LED pupa ni kó o fi kọ́ ọ, torí violet àti blue lè mú résìn bẹ̀rẹ̀ sí í le kó o tó tò ó tán, má sì ṣe é lẹ́bàá fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀. Tó bá ti jókòó, iná UV táwọn tó ń ṣe èékánná ní Mayfair ń lò tó ẹ.

Pírńtà résìn tá à ń rà yìí náà, ojú kékeré (pixel) ẹ̀ kan tó bíi 50 micron, lẹ́ǹsì á ní àtẹ̀gùn lára bíi ti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Fi résìn tó ṣàn pa á lára fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, á dán.

Bátìrì ni kó o fi tan LED yẹn o, kì í ṣe iná ilé. Wọ́n mú iná lọ mọ́ mi lọ́wọ́ ní Lágeré nígbà tí résìn ò tíì le, mo fọwọ́ gbá lẹ́ǹsì nínú òkùnkùn, mi ò rí i dòní.