Kí la lè fi dípò ìyẹ́ nídìí ọfà?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tó béèrè láti Ìkọ̀lé ní ìyẹ́ tòlótòló wọ́n, òjò sì ń mú kó lẹ̀ mọ́ igi ọfà. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá téèpù, ike tàbí ewé lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n lè ṣe é, ṣùgbọ́n ọrun tó wà lọ́wọ́ yín ni ẹ máa kọ́kọ́ wò.

Tó bá jẹ́ pé orí ìkúùkù yín tàbí ẹ̀gbẹ́ igi ọrun ni ọfà ń gbà kọjá, ohun tó wà nídìí rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè tẹ̀. Bí ìyẹ́ bá kan igi, á sùn, á sì tún dìde. Ike kì í sùn. Tó bá ti gbá igi, ìdí ọfà á fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, á wá máa ju ìrù bí ẹja títí dé ibi tó ń lọ. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ike ò dáa, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn nìyẹn. Ike dáa lára ọrun ìgbàlódé oníwíìlì, nítorí ìyẹn ní ibi tí ọfà ń jókòó sí láìfara kan igi.

Kẹ́ ẹ tó gé ohunkóhun, ẹ wo iwájú ọfà. Ìyẹ́ ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ di ìdí ọfà mú kó má baà ṣáájú orí, ó sì ń jẹ́ kó pòòyì. Bí orí bá ti wúwo tó, iṣẹ́ ìyẹ́ á dínkù. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ọfà àtijọ́ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kò fi ní ìyẹ́ rárá: irin gidi ló wà lẹ́nu wọn, igi wọn fúyẹ́, ibi tó sún mọ́ni ni wọ́n sì ń ta á sí. Ẹ gbé ọfà dábùú ẹ̀yìn àdá títí á fi dúró láìfì síhìn-ín sọ́hùn-ún, kẹ́ ẹ sàmì sí ibẹ̀. Ká ní igi ọfà gùn ní íńṣì 30, àárín rẹ̀ jẹ́ 15. Bí àmì yín bá wà ní íńṣì 18 láti ìdí, ó fi 3 ṣáájú àárín, ìyẹn ìdá 10 nínú 100. Ọfà yẹn ṣì nílò ìyẹ́ gidi. Tó bá wà ní 21, ó ti di ìdá 20, ohun kékeré nídìí rẹ̀ á tó o. Tí kò bá tó 18, ẹ má fi téèpù ṣòfò, ẹ wá irin tó wúwo jù bẹ́ẹ̀ sí i lẹ́nu. Àmọ́ irin wúwo máa ń mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ. Bí ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún fa ọsán bá rí i pé ọfà òun ń yà sọ́tùn-ún ṣáá, igi yẹn ti rọ̀ jù.

Téèpù ló rọrùn jù, òun ni mo sì máa ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dán wò. Téèpù aláṣọ, èyí tó ń dán bí fàdákà, ni mo ń wí. Sẹ́lótéèpù tí wọ́n fi ń lẹ ìwé kò lè ṣe é. Ẹ gé mẹ́ta tó gùn ní íńṣì 5. Bí igi ọfà bá nípọn tó mìlímítà 8, àyíká rẹ̀ á jẹ́ nǹkan bíi 25, ìdá mẹ́ta rẹ̀ á sì jẹ́ 8. Téèpù tó fẹ̀ ní 48 máa ṣẹ́ 20 sí ọ̀tún, 20 sí òsì. Ẹ fi íńṣì kan sílẹ̀ láti ìdí ọfà kí ìka má baà kàn án. Ẹ lẹ àárín téèpù àkọ́kọ́ mọ́ igi, kí apá rẹ̀ méjèèjì nà síta. Ẹ lẹ èkejì mọ́ ìdá tó tẹ̀ lé e, kí apá rẹ̀ kan bá apá ti àkọ́kọ́ pàdé, gúlúù sí gúlúù. Ẹ̀kẹta á wá bá apá méjì tó kù lẹ̀ pọ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn èékánná tẹ̀ ẹ́ láti ara igi lọ síta. Tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti etí, atẹ́gùn á há sábẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ló sì máa ti ṣí. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì rẹ́ ẹ kó ga ní mìlímítà 12, kí iwájú rẹ̀ rọra gòkè bí orí òkè. Ẹ wá fi òwú di iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìgbà márùn-ún sí mẹ́fà, kẹ́ ẹ kán ṣúpà gúlúù lé e.

Oòrùn ni ọ̀tá rẹ̀. Ọfà tẹ́ ẹ so mọ́ ọ̀kadà láti Ọ̀yẹ́ dé Ìkọ̀lé ní ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn, gúlúù rẹ̀ á yọ́, apá kan á yẹ̀ sísàlẹ̀, ọfà á sì máa yà. Ó tún wúwo: ìyẹ́ mẹ́ta tó gùn ní íńṣì 5 kò tó gíráàmù 1, téèpù mẹ́ta yìí ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ, ìdí ọfà ló sì wà. Nítorí náà, ẹ tún ọfà gbé lé ẹ̀yìn àdá lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá lẹ̀ ẹ́ tán. Àǹfààní kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kò rò: tẹ́ ẹ bá fẹ́ ta àparò tó ń fò, ẹ má rẹ́ téèpù yẹn, ẹ fi í sílẹ̀ ní mìlímítà 20. Afẹ́fẹ́ á tètè dá a dúró, ẹ ò sì ní wá ọfà lọ títí dé oko olóko.

Nínú gbogbo ike, fíìmù ẹ̀kísíréè àtijọ́ ló dára jù. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi háípò tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun, kẹ́ ẹ fọ dúdú ojú rẹ̀ kúrò pátápátá, nítorí dúdú yẹn ń mu omi; bẹ́ ẹ bá lẹ gúlúù lé e, òjò àkọ́kọ́ á bó o. Ẹ gé e ní íńṣì 4, kẹ́ ẹ ṣẹ́ mìlímítà 4 ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ fi sáńpépà ha ẹsẹ̀ náà kẹ́ ẹ tó fi ṣúpà gúlúù lẹ̀ ẹ́. Ike kẹ́ẹ̀gì ní tiẹ̀ kì í gba ṣúpà gúlúù. Á ṣí bí èépá egbò, àfi tẹ́ ẹ bá fi òwú dè é. Ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò fẹ́lẹ́ jù, ó ń gbọ̀n lójú afẹ́fẹ́, ó sì ń hó. Ọ̀yà á ti gbọ́ ọ kí ọfà tó dé.

Ewé? Àwọn Mbuti inú igbó Kóńgò ń la ìdí ọfà, wọ́n á ki ewé kan bọ̀ ọ́. Ó ń ṣiṣẹ́ fún ọfà fífúyẹ́ níbi tó sún mọ́ni. Ewé eéran lè ṣe é, àmọ́ bó bá ti gbẹ, ó ti fọ́ nìyẹn. Awọ ewúrẹ́ ńkọ́? Ó wúwo, ó sì ń rọ bí òjò bá ti pa á. Ẹ fi í sílẹ̀.

Ní tèmi, tó bá jẹ́ ọrun onígi ni ẹ ń lò, téèpù fún ìdánrawò, ìyẹ́ fún igbó. Àsìkò Kérésì ni ẹ lọ bá àwọn tó ń pa tòlótòló. Ìyẹ́ apá ni ẹ gbà, kì í ṣe ti ìrù. Apá kan náà ni kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wá, bóyá ọ̀tún tàbí òsì, nítorí ọ̀nà tí wọ́n tẹ̀ sí kò bára mu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí ìyẹ́ pa igún, wọ́n ti ń tán lọ. Tí òjò bá pa ìyẹ́ kó sùn, ẹ fi í sórí ooru ìkòkò tó ń hó, á tún dìde. Ẹ sì máa fi ọ̀rá bo ẹnu apó.

Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá lò, irin tẹ́ ẹ máa gbé wọ igbó ni kẹ́ ẹ fi dán an wò. Irin pẹlẹbẹ ń gba afẹ́fẹ́ bí ìyẹ́, ó sì lè gba ìdarí lọ́wọ́ ìdí ọfà. Ẹ ki àkísà sínú àpò, kẹ́ ẹ ta á ní ìṣísẹ̀ 5, 10 àti 20. Bí igi ọfà bá dúró gbọọrọ lára àpò ní 5 àmọ́ tó dagun ní 20, ìdí kò lágbára tó. Ẹ fi íńṣì kan kún gígùn ohun tẹ́ ẹ lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Bó bá dagun láti 5, ó lè jẹ́ pé ó ń gbá igi ọrun.