Ọkọ mi ní kí ọmọ sunkún títí á fi sùn, ara mi ò gbà á

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ gbà mí o. Ọmọ mi obìnrin pé oṣù méje lọ́sẹ̀ tó kọjá. Láti oṣù kẹrin ló ti ń jí lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́ẹ̀márùn-ún lóru, ọmú nìkan ló sì ń mú un padà sùn. Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ilẹ̀ òkèèrè la wà, kò sí ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ mi kí n fẹ̀yìn lélẹ̀ fún wákàtí kan. Ọkọ mi ní ká kọ́ ọ bó ṣe máa dá sùn: ká gbé e sí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ká ti ilẹ̀kùn, kó sunkún títí oorun á fi gbé e lọ. A gbìyànjú ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Nígbà tó ké fún ìṣẹ́jú 20, mo wọlé lọ gbé e. Ọkọ mi ní mo ti ba gbogbo ẹ̀ jẹ́, àtọjọ́ náà la ò sì ti fi bẹ́ẹ̀ bára wa sọ̀rọ̀. Màmá mi sọ lórí fóònù pé ìkà ni ẹni tó ń gbọ́ ẹkún ọmọ tí kò dìde. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ níbí ní kò sóhun tí yóò ṣe é. Ta ni kí n gbọ́? Ṣé ó máa pa ọmọ lára lóòótọ́?

Ìdáhùn

Ẹ kú àìsùn, ìyá ọmọ. Kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó ń já yín láyà. Wọ́n ṣe ìwádìí kan ní Ọsirélíà lórí ọmọ 326 tí oorun wọn ò já geere nígbà tí wọ́n wà lóṣù méje, bíi ti ọmọ yín gẹ́lẹ́. Wọ́n kọ́ apá kan nínú àwọn òbí wọn bí wọ́n ṣe lè mú ọmọ dá sùn, wọn ò kọ́ apá kejì. Nígbà tí àwọn ọmọ náà di ọmọ ọdún mẹ́fà, wọ́n padà lọ wo ìwà wọn, oorun wọn, àti àárín àwọn àti òbí wọn. Wọn ò rí ìyàtọ̀. Ọdún 2012 ni àbájáde rẹ̀ jáde. Ẹ yẹ ọ̀rọ̀ yẹn wò dáadáa: kò ṣàkóbá fún àwọn tí wọ́n kọ́, àwọn tí wọn ò kọ́ náà ò sì pàdánù nǹkan kan. Ẹ lè kọ́ ọ, ẹ sì lè fi í sílẹ̀. Ọkọ yín kì í ṣe ìkà, ẹ̀yin náà ò ba nǹkan kan jẹ́.

Àmọ́ títi ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ kì í ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo. Dókítà Richard Ferber ní Amẹ́ríkà, tó kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 1985 tí àwọn èèyàn sì ń fi orúkọ rẹ̀ pè é, ò sọ bẹ́ẹ̀. Tiẹ̀ ni pé kí ẹ gbé ọmọ sílẹ̀ nígbà tí oorun bá ń kùn ún, kí ẹ padà wọlé lẹ́yìn ìṣẹ́jú 3, lẹ́yìn náà 5, lẹ́yìn náà 10, kí ẹ bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀, kí ẹ tún jáde. Àwọn míì máa ń gbé àga sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á jókòó tì í títí á fi sùn, wọ́n á sì máa sún àga náà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ lọ́jọ́ mélòó kan síra títí á fi dé ẹnu ọ̀nà. Ẹkún wà nínú méjèèjì, mi ò ní tàn yín.

Nínú ilé tiwa, èmi ni mo fẹ́ kọ́ ọmọ, ọkọ mi ni ò gbà. Ọmọ oṣù mẹ́jọ ni. Mo jókòó sílẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, fóònù wà lórí itan mi, mò ń wo ìṣẹ́jú. Lálẹ́ àkọ́kọ́, ọkọ mi gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó lọ gbé e. Lálẹ́ kejì, ó fara dà á fún ìṣẹ́jú 40, ó tún lọ gbé e. Lálẹ́ kẹta, igbe ọmọ yẹn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì. Àwa náà la kọ́ ọ pé bó bá ṣáà ti ké pẹ́ tó, ẹnì kan á wá. Kí bàbá máa fà síhìn-ín, kí ìyá máa fà sọ́hùn-ún, ìyẹn ló da ọmọ wa láàmú jù.

A dá a dúró. Lọ́sàn-án Sátidé kan tí ọmọ sùn, mo bi ọkọ mi pé kí gan-an ló máa ń gbọ́ nínú ẹkún yẹn. Ó dákẹ́ títí. Ó wá ní wọ́n fi òun sọ́dọ̀ ẹbí kan nígbà tóun wà ní kékeré, òun á sunkún lóru, ẹnikẹ́ni kì í wá. Ọdún mẹ́rin la ti fẹ́ra wa, mi ò gbọ́ ọ rí. Èmi náà wá sọ fún un pé oorun ti ń kùn mí nídìí ọkọ̀ tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, ẹ̀rù ń bà mí pé mo lè fi orí sọ nǹkan. Òun náà ò mọ̀.

A fẹnu kò sórí àga. Òun ló jókòó, torí tọ́mọ bá ti gbóòórùn ọmú mi, kò ní gba nǹkan míì. Ó ti ọwọ́ bọ àárín igi bẹ́ẹ̀dì, ọmọ di ìka rẹ̀ mú. Lóru karùn-ún, mo gbọ́ láti yàrá wa pé ẹkún náà yí padà. Kì í ṣe igbe mọ́, ó kàn ń ráhùn bí ẹni tí wọ́n jí láìtọ́jọ́, lẹ́yìn náà kẹ́kẹ́ pa. Ó ṣì ń jí lẹ́ẹ̀kan mu ọmú o, mo sì ń fún un. Ìwádìí kan ní Kánádà tó jáde lọ́dún 2018 rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó pé ọdún kan, nǹkan bíi 28 ni ò tíì máa sùn fún wákàtí 6 láìjí. Nítorí náà, jíjí nìkan kì í ṣe àìsàn.

Kí dókítà ṣáà kọ́kọ́ wo ọmọ yín, pàápàá etí rẹ̀ àti bó ṣe ń wúwo sí i. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, ẹ fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yìn ni kí ẹ tẹ́ ẹ lé, kí ohunkóhun má sí nínú bẹ́ẹ̀dì náà, ì báà ṣe ìrọ̀rí tàbí ohun ìṣeré.

Ẹ má gbìyànjú nǹkan kan lálẹ́ òní. Bó bá ń mu nínú ìgò tí ẹ bá wà níbi iṣẹ́, kí bàbá rẹ̀ gbà á lẹ́yìn oúnjẹ aago mọ́kànlá, kí ẹ lọ sùn sí yàrá míì di aago mẹ́rin. Lọ́la, tí ilẹ̀ bá mọ́ tí ojú ẹ̀yin méjèèjì sì dá, ẹ bi í ní ìbéèrè tí mo bi tèmi.