Orúnkún Ìyá Mi Ń Dùn, Wọn Ò sì Fẹ́ Di Ọ̀pá Mú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ìyá mi ti lé ní 70 ọdún, àdìrẹ ni wọ́n ń tà ní Ọjà Ọba, níbí ní Òṣogbo. Orúnkún òsì ń dùn wọ́n débi pé wọ́n ń tiro. Ẹ̀gbọ́n mi ra wọ́kà onírin, ìyẹn férémù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí èèyàn ń dì mú rìn, fún wọn, wọn ò fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní bí àwọn oníbàárà bá rí i, wọ́n á ní àwọn ti gbó kọjá ọjà títà. Kí ni ká ṣe?
Ọmọ Aláàdìrẹ, Òkè-Baálẹ̀

Ìdáhùn: Ọmọ mi, o kú ìtọ́jú ìyá. Irú lẹ́tà yìí ti pọ̀ lọ́wọ́ mi, torí ẹ̀mí àwọn òbí wa ń gùn sí i, àìsàn oríkèé àti rọpárọsẹ̀ sì ń bá ọjọ́ orí rìn. Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF sọ ní 2022 pé àwọn tó nílò ohun ìrànlọ́wọ́ bí ọ̀pá, awò ojú àti kẹ̀kẹ́ arọ lé ní bílíọ̀nù 2.5 lágbàáyé.

Ẹ gbé wọ́kà yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ẹni tí ẹsẹ̀ méjèèjì kò lágbára, tàbí tí òòyì ń kọ́, ló nílò rẹ̀ jù. Ọwọ́ méjèèjì ló ń gbà. Báwo ni ìyá rẹ á ṣe gbé aṣọ han oníbàárà? Orúnkún kan ṣoṣo ló ń dùn wọ́n, ọ̀pá kan lè tó.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ọ̀pá mú rèé: ọwọ́ ọ̀tún ni kí wọ́n fi mú un, torí orúnkún òsì ló ń dùn. Kí ọ̀pá àti ẹsẹ̀ òsì jọ lọ síwájú, kí ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ̀ lé wọn. Bó bá jẹ́ ọwọ́ òsì ni, gbogbo ara á tún fì sí orúnkún tó ń dùn. Lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tó dá ṣáṣá ló ń ṣíwájú bí wọ́n bá ń gòkè. Bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀, ọ̀pá àti ẹsẹ̀ tó ń dùn ni.

Má ra ọ̀pá láìwọ̀n ọ́n. Kí wọ́n wọ bàtà tí wọ́n ń wọ̀ lọ sọ́jà, kí wọ́n dúró ṣánṣán, kí apá wọn rọ̀ sílẹ̀: orí ọ̀pá gbọ́dọ̀ dé ọrùn ọwọ́. Wo rọ́bà ìdí rẹ̀ pẹ̀lú. Bó bá ti jẹ, pààrọ̀ rẹ̀ kíá, torí orí táìsì tó tutù ló ti ń yọ̀ jù.

Ìtìjú yẹn ló ká mi lára. Bá mi bi wọ́n: bí wọ́n ṣe ń di òpó ìsọ̀ kan mú dé òmíràn, ṣé àwọn oníbàárà ò rí i ni? Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo tọ́jú àwọn ìyá tó kọ ọ̀pá títí wọ́n fi ṣubú, tí egungun ìbàdí wọn ṣẹ́. Àwọn mìíràn nínú wọn kò dé ìsọ̀ mọ́. Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ìyá rẹ.

Kó o tó náwó, mú wọn lọ sí ẹ̀ka fisiotẹ́rápì, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń fi eré ìmárale tọ́jú iṣan àti oríkèé, ní UNIOSUN Teaching Hospital, kí wọ́n yẹ orúnkún náà wò, kí wọ́n sì kọ́ wọn ní eré ìmárale tó ń fún itan lágbára. Ẹ gbé wọ́kà ẹ̀gbọ́n rẹ dání. Wọ́n lè ní kí ìyá máa lò ó nínú ilé lóru.